Fìlà Ọdẹ́jọbí ní Ìlú Ìlàágùn

Ẹ sún mọ́ra, ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ẹni tí ó wà lẹ́yìn lè rí ibi òjìji jókòó sí. Ìwọ Àkànjí, má tíì lọ. Mo rí ohun tí o ṣe nísinsìnyí. Ọmọ rẹ sín, ikun bọ́ sí ọ lórí itan, o sì ju ọmọ náà sí ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ bí ẹni ju ẹyín iná sílẹ̀, o ní, "Gbà á, ó ń rí mi lára." O tún wá tutọ́ sílẹ̀. Wá jókòó sẹ́bàá mi níbí. Ìtàn ẹfọ̀n onírù méje tí mo ṣèlérí fún yín lánàá yóò dúró ná. Ẹfọ̀n náà ti kú, èmi ni mo sì pa á, kò níbì kan tí ó tún ń lọ.

Ẹ̀yin náà mọ èmi Ọdẹ́sànmí. Mo ti fi ihò ọ̀yà ṣe ilé fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo ti bá iwin olórí mẹ́ta jìjàkadì títí orí kejì fi ń bẹ orí kìn-ín-ní pé kí ó jẹ́ kí àwọn sá lọ. Ṣùgbọ́n nínú ìrìn-àjò tí mo fẹ́ sọ lónìí, ẹsẹ̀ mi kò kan ilẹ̀ rárá, ẹ̀yìn ìyá mi ni mo wà. Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Ọdẹ́jọbí bàbá mi ni ó ni ìrìn náà, Àwẹ̀ró ìyá mi ni ó sì sọ ọ́ fún mi. Ẹ jẹ́ kí n máa pe àwọn méjèèjì lórúkọ bí mo ti ń sọ ọ́ lọ, kí ìtàn má bàa máa kọsẹ̀.

Ọdẹ́jọbí kò bẹ̀rù ẹkùn, kò bẹ̀rù ejò, kò bẹ̀rù òkùnkùn. Ohun tí ó ń bẹ̀rù ni ẹ̀gbin. Bí eṣinṣin kan bá bà lé ọbẹ̀ rẹ̀, ajá ni ó ni ọbẹ̀ náà. Bí ènìyàn bá wúkọ́ níwájú rẹ̀, yóò tutọ́. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ ikọ́ náà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, yóò tún un tu. Kò gbé ọmọ rí. Ó ní kí wọ́n kọ́ ọmọ bí a ti ń nu imú ná, lẹ́yìn náà kí wọ́n gbé e wá fún òun. Bùnmi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ti pé ọdún mẹ́fà kí ó tó mọ bí itan bàbá rẹ̀ ti rí. Àwẹ̀ró a máa wí pé, "Bàbá Bùnmi, ọmọ kì í ṣe awo tánganran." Ọdẹ́jọbí a sì dáhùn pé, "Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí n kò fi gbé e. Awo tánganran mọ́."

Ní ọjọ́ kan, Ọdẹ́jọbí bá iwin kan nínú tàkúté rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni iwin náà ní, ẹsẹ̀ náà gan-an ni tàkúté sì mú. Ẹlẹ́sẹ̀kan ni orúkọ rẹ̀. Ọdẹ́jọbí ṣàánú rẹ̀, ó tú u sílẹ̀.

"Ọdẹ, o ṣeun," ni Ẹlẹ́sẹ̀kan wí. "N kò ní owó, n kò sì ní oògùn. Ìran wíwò nìkan ni mo ní. Ìlú Ìlàágùn ni ìlú wa, kò sí ọmọ ènìyàn tí ó wò ó rí. Kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ wá láàárọ̀ ọ̀la, n ó mú yín kiri títí oòrùn yóò fi wọ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ni kí ẹ ṣọ́. Ẹ má tutọ́ sílẹ̀, nítorí kò sí ilẹ̀ ní ìlú wa, orí ẹnìkan ni yóò bà. Ẹ má sì fi ẹnu ṣe àpọ́nlé fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ènìyàn wa kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí ẹ bá sọ ni ẹ sọ."

Ọdẹ́jọbí rẹ́rìn-ín. "Ṣé èmi ni o fẹ́ kọ́ ní ọ̀rọ̀ sísọ? Ilé tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní ìkíni ni mo ti wá."

Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń rẹ́rìn-ín kì í gbọ́ ìró ẹyin.

Bí wọ́n ti rìn dé ibẹ̀, ẹ má bi mí. Igi dí ọ̀nà, igi yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Odò kún, odò gbẹ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kí oòrùn tó ga, wọ́n ti dé ẹnu ibodè Ìlú Ìlàágùn, òórùn ìlú náà sì ti jáde wá pàdé wọn lọ́nà bí ẹbí tí ń pàdé àlejò.

Oníbodè kò gba owó. Òógùn ni ó ń tọ́ wò. Ahọ́n rẹ̀ gùn tó apá ènìyàn, ó rí ṣákaṣàka, ó sì fi lá iwájú orí Ọdẹ́jọbí láti ìpéǹpéjú dé ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀. Ó pa ètè pọ̀, ó rò ó. "Iyán àná," ni ó wí, "ọbẹ̀ ìgbín." Gbogbo irun ara Ọdẹ́jọbí dìde. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti tutọ́, ó rántí ìkìlọ̀ iwin, kò sì mọ ohun tí yóò ṣe. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó tutọ́ sínú rẹ̀, ó sì mú un lọ́wọ́ bí ẹni mú igbá.

"Ààlọ́ o," ni oníbodè wí. "Kí ni ó ń ti ara ẹni jáde, tí ẹni kì í fẹ́ rí i mọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá kọ̀ tí kò jáde, ẹni a máa sunkún?"

Ọdẹ́jọbí ronú títí. Ó ní èémí ni. Oníbodè ní rárá, ó sì tún ń yọ ahọ́n rẹ̀ bọ̀. Ni Bùnmi bá kígbe pé, "Ìgbẹ́ ni!"

"Ẹ wọlé," ni oníbodè wí. "Ọmọ yìí ló gbọ́n nínú yín." Ìtìjú bá Ọdẹ́jọbí dé ẹsẹ̀. Ẹ̀yin èwe, ẹ fi ààlọ́ yìí sí apá kan, a óò tún padà wá bá a.

Mo ti rí ooru rí. Mo ti rìn nínú igbó tí iná ń jó lápá ọ̀tún àti lápá òsì, mo sì ń kọrin. Ṣùgbọ́n ooru Ìlàágùn kì í ṣe èyí tí a ń fi abẹ̀bẹ̀ lé. Oòrùn wọn kò ga ju òrùlé lọ, àwọn obìnrin ń sá aṣọ sí i lára. Èrò sì pọ̀ débi pé bí ara bá ń yún ọkùnrin kan, ara ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni yóò máa họ láìmọ̀. Àwọn mìíràn kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti bí wọn. Orí èjìká èrò ni wọ́n ń gbé, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbéyàwó, ibẹ̀ ni wọ́n ti bímọ. Òógùn gbogbo wọn ń ṣàn sínú gọ́tà, gọ́tà di odò, àwọn obìnrin sì ń pọn ún lọ sílé.

"Ìran àkọ́kọ́ nìyí," ni Ẹlẹ́sẹ̀kan wí, inú rẹ̀ sì ń dùn. "Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, a kò ra iyọ̀ rí."

Ọdẹ́jọbí tutọ́ sínú fìlà.

"Ẹ yára, ìran ṣì pọ̀!" Ẹlẹ́sẹ̀kan ń tọ níwájú lórí ẹsẹ̀ kan, wọ́n ń tẹ̀ lé e, èrò ń fún wọn bí ẹni fún ewúro. Ó mú wọn gun Òkè Ààtàn, tí baba ńlá baba wọn dà jọ, tí ó sì jẹ́ ògo ìlú náà. Ẹsẹ̀ ń rì wọ inú rẹ̀ dé orúnkún, ohun kan sì ń mí lábẹ́ rẹ̀. Lókè téńté, àwọn tọkọtaya jókòó, wọ́n ń gba atẹ́gùn. Alákàrà kan wà níbẹ̀ tí ń ka eṣinṣin lé àkàrà fún àwọn oníbàárà rẹ̀, ẹni tí ó bá sì gba mẹ́fà yóò máa bínú pé méje ni wọ́n máa ń fún òun.

"Bàámi, ẹ jẹ́ kí n jẹ ọ̀kan," ni Bùnmi wí. Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ni ó ń gbádùn ọjọ́ náà.

"Bí o bá jẹ ẹ́, má pè mí ní bàbá mọ́. Ẹ̀gbin!"

"Ẹ̀yin náà ń jẹ ìgbín, Bàámi, bẹ́ẹ̀ itọ́ ni gbogbo ara ìgbín."

Ọdẹ́jọbí yà sẹ́yìn, ó tutọ́ sínú fìlà lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Láti ibẹ̀ wọ́n lọ sí Ilé Èémí, níbi tí wọ́n ń tọ́jú èémí ìkẹyìn àwọn ìjòyè sínú ìkòkò. Àlejò kò gbọdọ̀ kọjá láìṣí ọ̀kan gbóòórùn. Èyí tí ó kan Ọdẹ́jọbí ni ti ìjòyè kan tí kò run orín fún ogójì ọdún. Ó ṣí i, ó sì ṣubú gbalaja lé èrò lórí. Ìkòkò mìíràn ni wọ́n ṣí sí i nímú kí ó tó jí. Nígbà tí ó dìde, ó ti kó ìríra ayé àti ọ̀run. Ó rí ara rẹ̀ bí ẹni kan ṣoṣo tí ó mọ́ ní gbogbo ayé, fìlà ọwọ́ rẹ̀ sì ti kún dé ìdajì.

Ní gbogbo àkókò yìí, mo wà lẹ́yìn Àwẹ̀ró. Eruku ààtàn ti wọ̀ mí nímú, èéfín ata alákàrà ti dì í, ikun dí ihò imú mi méjèèjì. Bí wọ́n bá fi ọmú sí mi lẹ́nu, n kò lè mu ún, nítorí ẹnu ni mo fi ń mí.

"Bàbá Bùnmi," ni Àwẹ̀ró wí, "mímí ọmọ yìí kò dára mọ́. Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀, kí n fi ẹnu fa ikun rẹ̀."

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ wà níbí, ẹ mọ̀ pé bí a ti ń ṣe é nìyẹn. Ọmọ kò mọ imú fọn, ìyá ni ó ń fọn ọ́n fún un. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́jọbí gbé ọwọ́ sókè. "Níwájú mi? Níbí? Ẹ̀gbin tí mo ti rí lónìí kò ha tó? Ó di ilé." Kí Àwẹ̀ró tó fèsì, èrò ti tì wọ́n lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, bẹ́ẹ̀ Ọdẹ́jọbí wà lọ́jà.

Ibi tí èrò tì wọ́n dé ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan. Obìnrin kan jókòó níbẹ̀ nínú aṣọ funfun, òórùn ewé ẹ̀fínrín ń ti ara rẹ̀ jáde, kò sì sí ẹ̀kán òógùn kan lójú rẹ̀. Aláìlàágùn ni wọ́n ń pè é. Ogún ìránṣẹ́ ni ó ń làágùn fún un, àwọn ni ó ń wúkọ́ fún un, àwọn ni ó ń fọwọ́ kan ohun gbogbo tí ó yẹ kí ó fọwọ́ kàn. Ọkàn Ọdẹ́jọbí rọ̀ bí ó ti rí i. Láti òwúrọ̀, ènìyàn mímọ́ àkọ́kọ́ nìyí.

Aláìlàágùn wo ẹ̀yìn orí mi, nítorí mo fi ojú mọ́ ẹ̀yìn ìyá mi. "Ọmọ yìí mà lẹ́wà o," ni ó wí. "Ẹ wo bí irun rẹ̀ ti dúdú."

Kí ni ẹnikẹ́ni nínú yín ìbá fi dáhùn? Ṣé ẹ ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, tiwa nìkan ṣoṣo ni"? Ìyá tí ó bí yín kò kọ́ yín bẹ́ẹ̀. Ọdẹ́jọbí tẹríba, ẹnu rẹ̀ kún fún ẹ̀rín, ó ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá. Ọmọ yín náà ni."

Ẹni tí ń họra dáwọ́ dúró. Ẹlẹ́sẹ̀kan ká ọwọ́ méjèèjì lé orí.

"Ṣé ẹ gbọ́?" ni Aláìlàágùn wí. "Ó ní ọmọ mi ni."

"A gbọ́!" ni èrò dáhùn.

Ogójì ọwọ́ nà jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Kí Àwẹ̀ró tó yíjú, ọ̀já ti tú, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣófo. Ó lọgun. "Kí lẹ sọ yẹn, Bàbá Bùnmi?"

"Mo kí wọn ni! Bí a ti ń kí ènìyàn ni mo kí wọn!"

"Ẹ ti fi ọmọ mi kí ènìyàn!"

Ọdẹ́jọbí fẹ́ fa àdá yọ, ìgúnpá rẹ̀ kò rí àyè nà. Akọni tí ó ti pa erin, èrò fún un mọ́ ibi tí ó dúró sí. Ohun tí wọ́n lè ṣe kò ju kí wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ ọba, orí èrò ni wọ́n sì ti kó gbogbo wọn kọjá, láti ọwọ́ dé ọwọ́, bí ẹni ń kó búlọ́ọ̀kù.

Inú ààrò ńlá ni Ọba Ìlàágùn jókòó sí, ẹyín iná sì wà lábẹ́ rẹ̀. Òógùn ọgọ́rùn-ún ọdún ti gbẹ mọ́ ọn lára di iyọ̀, ewúrẹ́ méjì sì ń lá a lẹ́sẹ̀. Ọdẹ́jọbí kò rántí tutọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí èjìká àwọn tí ó gbé e.

"Kábíyèsí, àpọ́nlé ni ọ̀rọ̀ náà."

"Kí ni àpọ́nlé?"

"Ohun tí a ń sọ kí inú ẹlòmíràn lè dùn."

"Ṣé irọ́ ni?"

"Kì í ṣe irọ́, Kábíyèsí."

"Bí kì í bá ṣe irọ́, òtítọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ òtítọ́, ọmọ rẹ̀ ni. Bí ó bá sì jẹ́ irọ́, o purọ́ fún ará ìlú mi, ọmọ náà ni ìwọ yóò fi tánràn. Ọ̀nà wo ni o fẹ́?"

Ọdẹ́jọbí, ẹni tí wọ́n ti kọ́ ní ìkíni nílé, tún dọ̀bálẹ̀. Àwẹ̀ró ń sunkún, kò sì wo ọkọ rẹ̀ rárá. Bùnmi ni ó ké lójijì pé, "Kábíyèsí, àbúrò mi kò mí dáadáa mọ́!"

Òótọ́ ni. Ikun ti bò mí, ẹnu mi ń ṣí, ó ń pa dé, ètè mi ti ń dúdú. Ọba na ọrùn wò mí.

"Òfin kan wà tí ó dàgbà ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ," ni ó wí. "Ẹni tí ohun tí ó ti ara ọmọ jáde kò bá rí lára, òun ni ó ni ọmọ. Imú ọmọ yìí dí. Kì í ṣe aṣọ ni a óò fi nù ún, kì í ṣe ọwọ́ ìránṣẹ́. Ẹnu ni. Aláìlàágùn, gba ọmọ rẹ."

Aláìlàágùn tẹ̀ síwájú, ó sì rí ojú mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Ikun mi ti di àwọ̀ ewé, eruku ti gbẹ mọ́ ọn, eṣinṣin wà níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sún mọ́ mi dé ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan. Èébì gbé e. Ẹ̀kán òógùn kan yọ níwájú orí rẹ̀, gbogbo ìlú sì kígbe, nítorí wọn kò rí irú rẹ̀ rí.

"Ẹ gbé e kúrò," ni ó wí. "Ó ń rí mi lára."

Ọdẹ́jọbí mọ ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni, bí ó ti máa ń sọ ọ́ gan-an nílé. Ó kọ́kọ́ gbọ́ bí ó ti rí létí nígbà tí ẹlòmíràn sọ ọ́ sí ọmọ rẹ̀.

Àwẹ̀ró ti ń fò síwájú. Ọba na ọ̀pá dí i lọ́nà. "Ìwọ kọ́, ìyá. Ìwọ kò sọ̀rọ̀. Ẹnu tí ó fi ọmọ tọrẹ ni yóò fi gbà á padà."

Ọdẹ́jọbí gbé fìlà fún Bùnmi, ó sì gbà mí. Kò gbé mi rí. Mo wúwo ju bí ó ti rò lọ, ara mi sì gbóná. Gbogbo ohun tí ó ti rí láti òwúrọ̀ gùn wá sí ọ̀fun rẹ̀, ahọ́n oníbodè, àkàrà eléṣinṣin, èémí ìjòyè. Ó ti máa ń pa á lówe fún àwọn ẹlòmíràn pé ọmọ ẹni kì í burú títí kí a fi fún ẹkùn pa jẹ. Mo na ọwọ́, mo di irùngbọ̀n rẹ̀ mú. Ó fẹ́ pa ojú dé, ó rántí pé òun kò pa ojú dé fún ẹranko kankan rí. Ó la ojú sílẹ̀, ó fi ẹnu bo imú mi, ó sì fà.

Ó fà á lẹ́ẹ̀kan, kò jáde. Ó fà á lẹ́ẹ̀kejì, ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó fà á lẹ́ẹ̀kẹta bí ẹni tí ń fa ẹ̀mí mi padà láti ọ̀run, ó sì já wá lójijì, ó gbóná, ó yọ̀, ó níyọ̀, ó kún ẹnu rẹ̀ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ké. Àwẹ̀ró sọ fún mi pé òun kò gbọ́ orin tí ó dùn tó igbe náà rí.

Ọdẹ́jọbí wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ọba ni ó wà níwájú rẹ̀, èrò ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀, orí ènìyàn ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó wo fìlà lọ́wọ́ Bùnmi. Bí wọ́n ti ń gbé wọn kọjá lórí èrò, àwọn ará ìlú ti rò pé igbá odò ni, wọ́n ti bu òógùn sí i, ó kún dé ẹnu.

Ó gbé e mì.

Háà! Àwọn ènìyàn tí ń mu òógùn, tí ń ka eṣinṣin jẹ, wọ́n bojú. "Ó gbé e mì! Ẹ yà fún un! Ó ń rí wa lára!" Èrò pín sí méjì láti iwájú ọba títí dé ẹnu ibodè, ilẹ̀ Ìlàágùn sì hàn fún ìgbà àkọ́kọ́, ilẹ̀ pupa lásán bí tiwa. Ibẹ̀ ni wọ́n gbà rìn jáde, tàwọn ti ọmọ wọn, Ẹlẹ́sẹ̀kan ń tọ níwájú, atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí wọn. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ oníbodè, ó ká ahọ́n rẹ̀ sẹ́nu, ó sì pa ẹnu dé. Ẹ rántí ààlọ́ tí ó pa láàárọ̀. Ìdáhùn Bùnmi kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo tí ó wà.

Ọdẹ́jọbí ni ó gbé mi délé. Kò gbé mi fún ẹnikẹ́ni lọ́nà. Kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ìtàn náà nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le.

Nígbà tí ó di arúgbó, àìsàn dá a dùbúlẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ há a lọ́fun, kò sì ní agbára láti hú u jáde. Èmi Ọdẹ́sànmí, tí iwin olórí mẹ́ta bẹ̀, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo fi aṣọ bo imú, mo ní kí ìyàwó mi wọlé lọ nu bàbá mi lẹ́nu. Ìyá mi jókòó lórí àpótí, ó gbọ́ mi. Kò pariwo. Ó sọ ìtàn yìí fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí mo ti sọ ọ́ fún yín, ó sì mú ojú kúrò lára mi.

Mo wọlé. Mo gbé orí bàbá mi lé itan, mo ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, mo fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà jáde, ó kún àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo ń wò yíká inú yàrá. Bàbá mi la ojú, ó ti gbọ́ ohun gbogbo láti orí ẹní, ó sì bi mí pẹ̀lú ohùn kékeré tí ó ṣẹ́kù, pé, "Níbo lo fẹ́ dà á sí?"

Mo ṣí fìlà orí mi. Mo ní, "Fìlà mi nìyí, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ìkẹyìn tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

Ó tó, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ìtàn mi ti dúró. Àkànjí, gba ọmọ rẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Imú rẹ̀ tún ti ń ṣàn.